Ọba Wàjà, Ìjàyè Dahoro

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà, lẹ́ni ọdún 83. Ọdún 51 ni ó lò lórí ìtẹ́. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí ọba náà gorí oyè ti di òbí, ó tilẹ̀ lè ti di òbí àgbà, kí ó tó gbọ́ orúkọ Aláàfin mìíràn. Láti Èkìtì ni wọ́n ti gbé òkú ọba wọ Ọ̀yọ́. Àwọn àfáà kírun sí i lára, lẹ́yìn náà ni àwọn onísẹ̀ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ṣe ohun tí ó yẹ Aláàfin fún un ní Bàrà.

Àwa ará agbègbè Ìbàdàn kì í sábà mọ irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Oyè tiwa, àkàbà ni; àgbà ní í gùn ún dé òkè. Ọba Samuel Odùlànà Odùgadé Kìíní ti lé ní ẹni 90 ọdún kí ó tó di Olúbàdàn ní 2007, ó sì wàjà ní oṣù Kìíní 2016 lẹ́ni ọdún 101. Láti oṣù Kìíní 2022 sí oṣù Keje 2025, Olúbàdàn mẹ́ta ni a sin: Ọba Sàlíù Adétúnjí, Ọba Lékàn Balógun àti Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn. Nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, a kì í kọ ọ́ pé ọba kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọjà ti gbọ́. A ó máa dúró de ẹni tí ẹnu rẹ̀ tó o láti sọ ọ́. Inú máa ń bí mi nígbà náà, nítorí ìròyìn kì í dúró. Mo ti dàgbà sí i báyìí, mo sì rí i pé ìdúró yẹn wà lára ọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà ní Akínyẹlé tí ọ̀fọ̀ Aláàfin fi àpá sí lára. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Moníyà lọ sí Ìṣẹ́yìn yóò kọjá ní Ìjàyè. Oko àti abúlé ni ó pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí. Ní 1859, ìlú ńlá tí ó ń bá Ìbàdàn fa agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. Kúrunmí, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó ń ṣe olórí rẹ̀, Aláàfin Àtìbà ni ó sì fi oyè náà dá a lọ́lá, ní àkókò kan náà tí ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run.

Láyé àtijọ́, Àrẹ̀mọ a máa bá bàbá rẹ̀ jayé ọba, a sì máa lo agbára bí ọba. Òfin Ọ̀yọ́ sì wí pé lọ́jọ́ tí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Lójú tèmi, òfin náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, bó ti wù kí ó le tó: Àrẹ̀mọ tí ó mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni òun àti bàbá òun yóò lọ kò ní kánjú kí bàbá kú. Àtìbà fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn òun. Kí ó tó wàjà, ó ṣe ọdún Bẹbẹ, èyí tí í ṣe ayẹyẹ ọba tí ó bá pẹ́ lórí ìtẹ́, ó sì bẹ àwọn olóyè kí wọ́n gba Adélù. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀. Ó ní òun kò ní tẹríba fún Àrẹ̀mọ tí ó yẹ kí ó ti bá bàbá rẹ̀ lọ.

N kò gbà pé nítorí àṣà nìkan ni. Kúrunmí ti darúgbó, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọba láìdé adé, kò sì fẹ́ kí Ìbàdàn ga jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ogún obìnrin olówó kan tí ó kú ní Ìjànà tún bá a mu. Ogún ẹni tí kò bá ní àrólé, ti Aláàfin ni. Kúrunmí sì ní kí wọ́n dá àwọn tí Adélù rán lọ kó o lọ́nà. Síbẹ̀, ẹjọ́ Àrẹ̀mọ ni ó kó lọ síwájú àwọn ènìyàn, ẹjọ́ náà sì wọ̀ wọ́n lọ́kàn, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀gbá náà sì wá gbè é.

Ogun bẹ́ ní 1860. Balógun Ìbíkúnlé ni ó kó ogun Ìbàdàn jáde. Wọ́n dí ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti Òkè-Ògùn wọ Ìjàyè, ebi sì mú ìlú náà ju ìbọn lọ. Àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi ọmọ Amẹ́ríkà kó nínú àwọn ọmọdé tí ebi ń pa lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí pàdánù ọmọkùnrin márùn-ún lójú ogun, òun náà sì kú ní 1861, kí ìlú tó bọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta 1862 ni Ìjàyè tú. Àwọn kan sá lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí àdúgbò Ìjàyè ti ń jẹ́ orúkọ náà di òní. Àwọn mìíràn di ẹrú ní Ìbàdàn. Ọmọdé ni Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn Yorùbá, nígbà náà. Ìbàdàn ni ó ń gbé, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ó kà nínú ìwé ni ó ń rò fún wa.

Mo rántí gbogbo èyí ní oṣù Keje 2025. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí Olúbàdàn Ọlákùlẹ́hìn wàjà tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà náà fi wàjà, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Wọ́n sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù lọ́jọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti fẹ́, lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó fàyè gbà á. Àwọn onísẹ̀ṣe bínú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wí pé ayé òde òní, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó ba ọ̀fọ̀ ọba jẹ́. N kò dá àwọn onísẹ̀ṣe lẹ́bi pé wọ́n bínú. Ẹni tí wọ́n fi ètùtù dé ládé, ó dùn wọ́n pé wọn kò fi ètùtù sin ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òde òní. Àtìbà kì í ṣe mùsùlùmí tí ó ń sá fún àṣà, kò sì sí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kankan ní Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ọba ni ó yí òfin ọ̀fọ̀ ọba padà, nítorí ọmọ tí ó fẹ́ràn. Nígbà tí Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládígbòlù wàjà ní 1944, tí òyìnbó dí Olókùn-Ẹṣin lọ́wọ́ láti bá ọba rẹ̀ lọ, ó ti lé ní 80 ọdún tí ààfin ti kọ́kọ́ yọ ẹnì kan kúrò nínú ìrìn àjò náà.

Ládígbòlù yẹn pàápàá, ọmọ ọmọ Adélù ni. Agúnlóyè ni ìdílé Adélù ń jẹ́ ní Ọ̀yọ́ di òní. Inú ìdílé náà ni Aláàfin Akeem Abímbọ́lá Owóadé, tí ó gorí oyè ní 2025 lẹ́yìn Adéyẹmí Kẹta, ti jáde.