Abẹ́òkúta ni Markaz ti Bẹ̀rẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tó Ń Kọ́ Èdè Àjèjì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Owódé. Bí ẹ bá dúró ti ìyá tó ń ta àlùbọ́sà níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ó ń tọrọ àlùbáríkà, tí ó ń ṣe àdúrà àlàáfíà fún oníbàárà rẹ̀, tí ó sì ń béèrè wákàtí tí ọkọ̀ Abẹ́òkúta yóò gbéra. Àlùbọ́sà, àlùbáríkà, àdúrà, àlàáfíà, wákàtí: inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Èdè tí a ń pè ní àjèjì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹni yàtọ̀ sí kí ènìyàn gbọ́ èdè.

Láyé àwọn bàbá wa, orí ẹní ni ọmọ kéú ń jókòó sí, wàláà lọ́wọ́. Yóò kọ́ lẹ́tà, yóò kọ́ bí a ṣe ń pè é, yóò sì máa ka Àlùkùránì lọ títí yóò fi parí. A kò gbọdọ̀ fojú kéré àwọn ààfáà ìgbà náà, nítorí àwọn ni wọn kò jẹ́ kí iná ẹ̀sìn kú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló parí kéú tí wọn kò lè sọ ìtumọ̀ ojú ewé kan.

Ní apá kejì, ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà. Ní Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí pé bí ọmọ bá lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀sìn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí ọmọ lè kàwé láì fi ẹ̀sìn sílẹ̀.

Ta wá ni yóò tún ọ̀nà ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ṣe? Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory wà lára àwọn tó ṣe é. Wasa, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni wọ́n ti bí i ní 1917, ọmọ Ìlọrin sì ni bàbá rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ààfáà ní Ìbàdàn àti Èkó, ó sì dé Íjíbítì. Ní ọdún 1952, ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó pín ọmọ sí kíláàsì, ó lo pátákó ìkọ̀wé, ó ṣètò ìdánwò, ó sì kọ́ wọn ní Lárúbáwá gẹ́gẹ́ bí èdè tí a ń sọ, tí a sì ń kọ. Ní 1955, ó kó Markaz lọ sí Agége. Àwọn tó jáde níbẹ̀ tún lọ dá ilé kéú tiwọn sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Èdè Lárúbáwá kò sọ Sheikh di Lárúbáwá. Èdè náà ni ó fi kọ ìtàn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti ìtàn àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, kí àwọn ará òkèèrè lè mọ̀ wá. Nígbà tí ó bá sì ń ṣe wáàsí fún àwọn ènìyàn rẹ̀, Yorùbá ni ó ń sọ. Ó jáde láyé ní 1992, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Ọ̀dọ́mọdé ni Zayd ọmọ Thabit nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ó lọ kọ́ ìkọ̀wé àwọn Yẹhúdì, kí ó lè máa ka lẹ́tà wọn, kí ó sì máa kọ èsì. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Abubakar ń wá ẹni tí yóò ṣa Àlùkùránì jọ, Zayd yìí náà ni ó yàn. Ẹ̀kọ́ tí ó gbà ní kékeré ti sọ ọ́ di ẹni tí a lè fi ohun ńlá sí ní ìkáwọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, rákà mẹ́tàdínlógún ni ìrun ọ̀ranyàn wa lójúmọ́, a sì ń ka Fátíhà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó wá dára kí a máa bá Olúwa wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún lóòjọ́, kí a má mọ ohun tí a ń sọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, ẹ ó ti mọ̀ ju 1,800 lọ kí ọdún tó yí po. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jawọ. Ẹ má sì tijú bí ẹ bá ṣì í pè, nítorí abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti kéú dé, ẹ má kàn bi í pé, “Ibo lo kà dé?” Ẹ tún bi í pé, “Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” Ẹ má sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì lé kéú jáde nínú ilé, tàbí kí kéú lé Yorùbá jáde. Orí kan náà lè gba gbogbo wọn.

Kí Ọlọ́hun kọ́ wa ní ohun tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí Ó sì fi ohun tí a kọ́ ṣe wá lóore. Àmín.