Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Kì Í Rún: Ìtàn Rẹ̀ Láti Ọwọ́ Alágbàfọ̀ Dé Ọjà Kàtàǹgówà

Òṣìṣẹ́ tí ilé rẹ̀ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún tàbí Ìgándò, tí ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Marina tàbí Victoria Island, gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí iná bá ti lọ láti àná, ṣẹ́ẹ̀tì tí a kò tíì lọ̀ di wàhálà ìdájí. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí àwọn ará Èkó sọ ní "I better pass my neighbour" kò lè gbà wá nínú rẹ̀, nítorí agbára rẹ̀ kò ju wáàtì 950 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù ń béèrè wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò tan gílóòbù, yóò yí fáànù, ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, yóò kú fin-ín.

Ìdí nìyí tí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í rún fi ń tà bí àkàrà ní àdúgbò wa. N kò bá ẹnikẹ́ni tí ó ń rà á jà. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni pé a ń ra ìrọ̀rùn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ilé tí ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, a sì ń fi bílíìṣì, omi kànga àti oòrùn Èkó pa á láìmọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò mọ bí a ti ń yan èyí tí yóò bá òun tọ́jọ́.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kò bá wa tan. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Sàró tí wọ́n ń padà bọ̀ láti Freetown gbé e wọ Èkó pẹ̀lú kóòtù àti fìlà gíga. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé sì wà lára àwọn tí ó mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ láti máa rán an. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sídìí tábìlì ìjọba mọ̀ pé ọrùn aṣọ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn akọ̀wé ìgbà náà sì sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó gbà. Àlùfáà onítẹ̀bọmi kan, David Brown Vincent, pa orúkọ yìí tì ní 1894, ó di Mọ́jọlà Agbébí, ó sì yan aṣọ ilẹ̀ wa dípò ti òyìnbó. Ní 1973, Fẹlá gbé orin "Gentleman" jáde láti fi ẹni tí ó di ara rẹ̀ sínú kóòtù lábẹ́ oòrùn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọ́fíìsì gbọ́ orin náà, wọ́n jó sí i, ṣùgbọ́n wọn kò yí òfin aṣọ wọn padà.

Kọ́là tí ó le ganrangidi nígbà náà kò dá dúró fúnra rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ó ń mú un dúró. Òun ni yóò fi ọṣẹ gbo ìdọ̀tí ọrùn, tí yóò rẹ aṣọ náà sínú sítáàṣì tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí yóò sá a, tí yóò wọ́n omi sí i lára, kí ó tó gbé áyọ́ọ̀nù elédùú lé e. Àwọn ọmọ ọjọ́ òní kò mọ áyọ́ọ̀nù yìí mọ́: irin wíwúwo tí ó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yinná lè máa mí, tí òmíràn ní àkùkọ kékeré lórí ìdérí rẹ̀. Bí ẹ̀yinná kan bá ta jáde, ó ti lu aṣọ akọ̀wé nìyẹn. Iṣẹ́ líle ni, owó rẹ̀ sì kéré. Ìtàn ìlú wa dárúkọ akọ̀wé àti lọ́yà lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ wọ́n di ẹni tí à ń wò kò ní orúkọ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹnìkan kọ ìwé lórí àwọn ènìyàn yìí.

Ní òkè òkun, wọ́n wá ọ̀nà tí a ó fi lé alágbàfọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní 1941, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Calico Printers' Association ti Manchester, ṣe òwú kan láti inú kẹ́míkà. Terylene ni wọ́n sọ ọ́, àwọn bàbá wa sì pè é ní tẹ́rílíìnì. Òun ni pọliẹ́sítà tí a ń rí lára lébẹ́ẹ̀lì lónìí. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìtaja Brooks Brothers bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi òwú yìí àti òwú oko hun pọ̀ ní 1953: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi kọ́, ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀.

Àyà àwọn tí ó ń gbin òwú já. Ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní New Orleans, obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan, Ruth Benerito, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bí òwú oko náà yóò ṣe kọ̀ láti rún. Ẹ fojú inú wo òwú bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí omi tàbí òógùn bá kàn wọ́n, wọn yóò yọ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà, wọn yóò sì gbẹ síbi tuntun. Bí aṣọ ṣe ń rún nìyẹn. Oògùn tí àwọn onímọ̀ náà fi sí i ń so okùn kan mọ́ èkejì, bí ìgbà tí a fi igi kéékèèké so okùn méjì pọ̀ tí ó di àkàbà. Wọn kò lè yọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òwú tí a so báyìí kì í lè nà bí ó ti ń nà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó máa ń tètè ya, pàápàá níbi tí ara ti ń fi gbo ara: etí kọ́là, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn oògùn wọ̀nyí ni ó tún ní formaldehyde nínú, èyí tí ara àwọn mìíràn kò gbà. Ìyẹn ni òtítọ́ tí lébẹ́ẹ̀lì kì í sọ: àìrún àti àgbà-aṣọ kì í sábà gbé inú òwú kan náà.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira jẹ́ ọdún ilé iṣẹ́ aṣọ. Kaduna Textiles ti bẹ̀rẹ̀ láti 1957. Ní Èkó, ẹ̀rọ Aswani àti Afprint ń dún ní ìhà Ìsọlọ̀, tí kò jìnnà sí Ìkọ̀tún rárá. Ní àkókò yẹn kan náà, ìlú ń ta ẹsẹ̀ gùn. Gowon Estate dìde ní ẹ̀bá Ẹ̀gbẹ́dá, ìjọba Jákàńdè sì kọ́ ilé Abẹ́sàn ní Ìpájà láàárín 1979 sí 1983. Abúlé àwọn Àwórì di ibùsùn òṣìṣẹ́. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 2006, àjọ ètò ìkànìyàn rí 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé wọ́n ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, ènìyàn tí ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú wọn.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí Babangida gbé dé ní 1986 ni ó da omi sí gbogbo rẹ̀. Náírà wó lulẹ̀, aṣọ tuntun di ọ̀wọ́n, ilé iṣẹ́ aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; ní 2007, United Nigerian Textiles pàápàá ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní Kaduna fún ọdún bíi mẹ́ta. Òkìríkà, tí a fi orúkọ èbúté kan ní ìpínlẹ̀ Rivers pè, tí àwọn ènìyàn ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n jí i gbé, di aṣọ ọ́fíìsì. Òfin kọ̀ ọ́ pé kí ó wọlé, síbẹ̀ ó ń gba Kùtọnu wọlé. Kàtàǹgówà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, tí ó wà lórí ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ àtijọ́, di ọ̀kan lára ọjà rẹ̀ tí ó tóbi jù ní Èkó. Níbẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì tí Benerito ronú nípa rẹ̀ ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́ ní ìlú tútù.

Kí ni kí a wá wò bí wọ́n bá tú béélì sílẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ ka lébẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé òwú oko lásán ni, tí wọ́n tún kọ ọ́ pé kò nílò áyọ́ọ̀nù, oògùn ni ó wà níbẹ̀. Ẹ di apá rẹ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ́ títí ẹ ó fi ka 20, kí ẹ tú u sílẹ̀. Èyí tí ó bá nà padà fúnra rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìgúnpá àti ẹ̀yìn kọ́là sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ wínníwínní níbẹ̀, agbára rẹ̀ ti tán lára olówó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fọwọ́ pa kọ́là náà: bí ó bá ń wú bí àpò tí afẹ́fẹ́ kó sí, ìtẹ́nú rẹ̀, tí àwọn télọ̀ ń pè ní "gum stay", ti ń ṣí kúrò, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tí yóò tún un ṣe pẹ́.

Tèmi ni pé èyí tí òwú oko inú rẹ̀ tó ìdá 60 nínú 100, tí ìyókù jẹ́ pọliẹ́sítà, ni ó bá òṣìṣẹ́ wa mu jù. Pọliẹ́sítà yẹn ni yóò kọ̀ láti rún, òwú oko ni yóò sì mu òógùn. Ẹni tí ó bá ra èyí tí ó jẹ́ pọliẹ́sítà lásán yóò rí i pé kò rún títí dé ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n láti Ìkọ̀tún dé Òṣòdì nínú dánfó tí ènìyàn kún, aṣọ náà kò ní mu omi ara, òórùn abíyá yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn tí ọṣẹ kò ní fẹ́ ṣí i. Alábàáṣiṣẹ́ yín kò ní sọ fún yín. Yóò kàn sún àga rẹ̀ sẹ́yìn ni.

Bílíìṣì ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ lé lórí. A fẹ́ràn rẹ̀ fún aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn oògùn àìrún àtijọ́ máa ń di kúlórìnì inú bílíìṣì mú. Bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kàn án, aṣọ yóò pọ́n bí ẹyin, òwú rẹ̀ yóò sì máa ya bí ìwé. Bí omi kànga yín bá tún ní irin nínú, bílíìṣì yóò sọ irin náà di ìpatà lára aṣọ. Ọṣẹ, omi tí kò gbóná jù, kí ẹ má fún un pọ́, kí ẹ fi kọ́ sórí hángà nígbà tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, lábẹ́ ibòji: ìyẹn nìkan ni ó lè gbà yín lọ́wọ́ áyọ́ọ̀nù.

Bí etí kọ́là bá gbó nígbà tí ara aṣọ ṣì le, ẹ má sọ ọ́ nù. Àwọn télọ̀ àtijọ́ mọ bí a ti ń tú kọ́là, tí a ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí iwájú, tí a sì ń rán an padà síbi tí ó wà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì kù; ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà aránṣọ àdúgbò yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ṣeé yí. Bí ojú kejì náà bá gbó, kí ẹ gé apá rẹ̀ kúrò, kí ẹ máa fi fọ mọ́tò ní Sátidé.