Àṣàrò Ìyá Àgbà: Bíbélì, Ẹrú àti Ohùn Ọkàn

Ọ̀pọ̀ oníwàásù gbà pé bí ènìyàn bá ṣe ń ka Bíbélì tó ni ohùn ọkàn rẹ̀ yóò ṣe máa lágbára tó. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ ọn. Ẹsẹ kan náà lè pani lẹ́nu mọ́, ó sì lè lani lóhùn. Irú àṣàrò tí a bá ṣe ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Nancy Ambrose, tó ṣẹrú ní Amẹ́ríkà kí òmìnira tó dé. Kò mọ̀wé, ọmọ-ọmọ rẹ̀, Howard Thurman, ló ń ka Bíbélì sí i létí. Nínú Jesus and the Disinherited (1949), Thurman ròyìn pé ìyá àgbà fẹ́ràn Sáàmù, Àìsáyà àti Ìwé Ìhìnrere, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, àfi Kọ́ríńtì Kìíní orí 13, orí ìfẹ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ni àlùfáà ọ̀gá wọn máa ń fi wàásù fún wọn, pàápàá ibi tó ti ní kí ẹrú gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu.

Àwọn kan lè bínú pé Bíbélì kì í ṣe ẹ̀wà tí à ń ṣà. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó ń wàásù fún ẹrú ló kọ́kọ́ ṣà á. Ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú erékùṣù Kàríbíánì tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n yọ ìtàn bí Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò ní Íjíbítì, wọ́n sì fi àṣẹ ìgbọràn sílẹ̀. Wọ́n ṣà á kí ẹrú má baà gbọ́ ni. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ gbọ́ tán kó tó kọ̀ ọ́. Bó sì ṣe dá orí ìfẹ́ sí fi hàn pé kì í ṣe Pọ́ọ̀lù gan-an ló ń bá jà, bí kò ṣe ohun tí wọ́n fi ẹnu Pọ́ọ̀lù ṣe.

Níbo ló ti rí òṣùwọ̀n tó fi ń yan èyí tí yóò gbọ́? Ìyá àgbà máa ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nípa oníwàásù kan tí òun náà jẹ́ ẹrú, tó máa ń wò wọ́n lójú, tó sì ń fi yé wọn pé ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹrú. Gbólóhùn yẹn ló fi ń wọn ẹsẹ Bíbélì.

Nítorí náà, kí a tó ṣe Àmín sí ẹsẹ kan, ó yẹ kí àṣàrò béèrè ẹni tó ń kà á sí wa létí, àti àǹfààní tó ń wá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè lè há gbogbo Bíbélì sórí, kó sì jẹ́ ohùn ọ̀gá ni yóò máa gbọ́ nínú ara rẹ̀.