Salman Hamdani: Ọ̀dọ́mọkùnrin Tí Wọ́n Fura Sí Kí Wọ́n Tó Rí Òkú Rẹ̀

Lọ́dọọdún tí ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án bá pé, wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn tó kú ní New York lọ́dún 2001, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kọlu ilé gogoro méjì World Trade Center. Orúkọ Mùsùlùmí wà nínú wọn. Ọ̀kan ni Mohammad Salman Hamdani, ọmọ ọdún 23. Tirẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí.

Ìlú Karachi ní Pakistan ni wọ́n ti bí i ní oṣù kejìlá ọdún 1977. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi Bayside, ní Queens ní New York, ṣe ibùgbé. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Brooklyn. Talat, ìyá rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí, Salman ni àkọ́bí.

Ó gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní Bayside High School, bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sá, tí wọ́n sì ń ya lu ara wọn. Ó fẹ́ràn fíìmù Star Wars débi pé YUNGJEDI ló kọ sí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n; fún àwa àgbà, Jedi ni wọ́n ń pe àwọn jagunjagun inú fíìmù náà tí ń gbèjà ẹni tí kò lágbára. Ẹ má ṣe fojú kéré irú nǹkan báyìí. Nígbà tí ọmọ bá ti lọ, òun ni ìyá rẹ̀ máa ń rántí.

Kẹ́mísìrì ló kà ní Queens College, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 2001. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Rockefeller University. Ó ti bá àwọn ọlọ́pàá New York kọ́ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi kádẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ṣiṣẹ́ nínú áńbúláǹsì, nítorí náà ó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà yẹn, ó jáde nílé lọ síbi iṣẹ́. Kò débẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó rí èéfín lójú ọ̀nà, ó sì yà síbẹ̀ láti lọ ṣèrànwọ́.

Àwọn òbí rẹ̀ wá a káàkiri ọsibítù. Wọ́n lọ sí Mọ́kà, wọ́n lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Àmọ́ kí oṣù kẹwàá tó parí, ìwé ìròyìn kan ti ń béèrè bóyá ńṣe ló sá pamọ́, torí pé Mùsùlùmí ọmọ Pakistan ni. Wọ́n ń wá a láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Nígbà yẹn, wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sí àtìmọ́lé láìdárúkọ wọn fún aráyé. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé: abiyamọ ń retí pé kí ọmọ òun wà lẹ́wọ̀n, torí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò tíì kú.

Nínú oṣù kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin PATRIOT Act, èyí tó fún wọn lágbára sí i láti máa ṣọ́ àwọn èèyàn. Apá 102 nínú òfin yẹn dárúkọ Salman gẹ́gẹ́ bí akọni Mùsùlùmí tí wọ́n gbà pé ó lọ ṣèrànwọ́. Ọ̀rọ̀ méjì lórí ọmọ kan!

Ẹni tó bá ka ìwé fíkìhì mọ ọ̀rọ̀ ẹni tó sọnù, tí wọ́n ń pè ní mafúkúdù. A kì í pín ogún rẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé tàbí tí adájọ́ yóò fi dájọ́ pé ó ti kú. Ipò tí ilé yẹn wà nìyẹn fún oṣù mẹ́fà. Kò sí ìrun òkú, ẹnikẹ́ni kò sì lè kí wọn kú ara fẹ́ra kù. Ìfura tí Súrátùl Hùjúráátì, áyà 12, kọ̀ fún wa kò jẹ́ kí wọ́n ráyè sunkún ọmọ wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2002, wọ́n wá sọ fún wọn pé wọ́n ti dá ohun tó kù lára rẹ̀ mọ̀, nínú àwókù ilé gogoro náà. Ní oṣù kẹrin, wọ́n kírun sí i lára ní mọ́sálásí ńlá tó wà ní òpópónà 96 ní Manhattan. Àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n fi bo pósí rẹ̀. Olórí ìlú, Michael Bloomberg, wá síbẹ̀, ó sì pè é ní akọni. Bàbá rẹ̀ jáde láyé lọ́dún 2004. Ọlọ́hun Ọba kí ó kẹ́ àwọn méjèèjì.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn òkú sára ibi ìrántí tó wà níbẹ̀ lónìí, wọn kò fi ti Salman sáàárín àwọn olùgbàlà tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Talat kò gbà, ó ń sọ ọ́ kiri láti ọdún yìí dé ọdún yẹn. Ó dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórúkọ ọmọ rẹ̀ ní Queens College. Lójú tiwa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè.

Lọ́dún 2014, wọ́n fi orúkọ Salman sọ òpópónà kan ní Bayside, àdúgbò tó ti dàgbà. Àkọlé tó wà lára òpó níbẹ̀ ni Salman Hamdani Way.