Ẹrù Ilé àti Ẹrù Oko Onílé Àlejò ní Etí Ọ̀sà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Ìfáàrà

Bí onílé ọtí kan tó tún ń dáko bá kú ní Scotland ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, wọn a ka ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan kan. Wọn a ka màlúù, wọn a ka ọkà tó wà nínú àká àti èyí tó ṣì wà lóko, wọn a ka ìkòkò ńlá tí olóògbé fi ń pọn ọtí, wọn a sì kọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti ẹni tí òun náà jẹ. Ní ọdún 1564 ni wọ́n dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ ní Edinburgh tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyẹn tí òpìtàn òde òní fi lè wọ ilé ẹni tí kò lókìkí rárá, kí ó sì mọ ohun tí ó fi ń jẹun.

Ní etí ọ̀sà tiwa, láti Ìgbògbò àti Bàyékù títí dé Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́, kò sí akọ̀wé tó jókòó ti opó láti ka ìkòkò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pín ogún, ẹni tí yóò bá sì pín nǹkan gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nílẹ̀ àti ẹni tó ni ín. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ẹrù onílé àlejò wò láti inú yàrá títí dé oko. Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ẹrù kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò lólúwa, ṣùgbọ́n àwọn olúwa wọn pọ̀ ju ẹnì kan lọ.

Ta ni onílé àlejò?

Ìkòròdú ayé ìjọun kò ní ilé ìtura. Ọjà ni ó ní, ọjà ló sì ń mú àlejò wá. Ìkòròdú àti Èjìnrìn wà lára ibi tí epo, ekuro àti oúnjẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ibẹ̀ náà ni iyọ̀, ìbọn, ẹ̀tù, tábà àti ọtí òyìnbó ń gbà wọlé. Kí ogun òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní oṣù May 1892, ará òkè kì í lè kọjá lọ bá oníṣòwò Èkó fúnra rẹ̀. Ọwọ́ alágbàtà ni ọjà rẹ̀ ń gbà. Ọ̀nà náà níyì débi pé ó di ogun. Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ohun ìjà ń gbà dé Ìbàdàn, ó sì di oṣù March 1865 kí àwọn ọmọ ogun tí Gómìnà Glover rán láti Èkó tó tú wọn ká. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Títí tí ó fi padà ní 1862, òwò ńlá ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣe ní èbúté náà.

Ẹni tó ru ẹrù láti òkè kò lè tajà kó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ó nílò ibi tí yóò sùn, ibi tí ẹrù rẹ̀ yóò sùn, àti ẹni tí yóò bá a dúnàá-dúrà. Onílé àlejò ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì máa gba tirẹ̀ lórí ọjà tó bá tà. Òwò yìí nìkan kọ́ ló gbójú lé: ó ní oko, àwọn ìyàwó rẹ̀ ń se oúnjẹ tà, bí ilé rẹ̀ bá sì sún mọ́ omi, ó lè ní ọkọ̀.

Ibi tí ẹ̀rí ti wá

Ẹ̀rí tó sún mọ́ agbègbè yìí jù ni ti Osifekunde, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní Màkún létí ọ̀sà ní nǹkan bí ọdún 1798. Àwọn Ìjọ̀ mú un lójú omi ní 1820, wọ́n tà á, ó sì di ẹrú ní Brazil. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, ó bá ara rẹ̀ ní Paris, níbi tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ d'Avezac ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ohun tó sọ nípa ilé, aṣọ, oúnjẹ àti ìṣèjọba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jáde ní ìwé ní 1845, ní èdè Faransé. Ẹ̀rí kejì ni ìwé ìtàn tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah tún kọ tí ó sì jáde ní 1921. Ọ̀yọ́ ló gba iwájú nínú ìwé yẹn, nítorí náà a ní láti ṣọ́ra bí a bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣàlàyé igbó àti ọ̀sà. Ẹ̀rí kẹta ni àwọn ìwé tó sọ̀rọ̀ lórí àṣà àti òfin ogún, pàápàá ti N. A. Fadipe, G. B. A. Coker àti P. C. Lloyd.

Ohun èlò gan-an ló ṣọ̀wọ́n jù. Ikán ń jẹ igi, òjò ń ba ẹní jẹ́, wọ́n sì ń fi aṣọ sin òkú. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì, tó ti Allada ní ilẹ̀ Benin òde òní wá, tó sì ti dé Yúróòpù ṣáájú 1659. Ibi tí kò sí ikán ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èyí tó kù sílé ti lọ.

Yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ilé amọ̀ ni, ewé gbódógì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ló sì bo orí rẹ̀, nítorí pé koríko tí àwọn ará ọ̀dàn fi ń bolé kò pọ̀ nínú igbó. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ayé ti ń jẹ́ ayé: ibẹ̀ ni baálé ń jókòó sí, ibẹ̀ ni àlejò ń sùn.

Ẹrù tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹní ló ṣáájú. Ẹní òré wà fún ìgbà gbogbo, èyí tó dára jù sì wà ní kíká lórí àjà de àlejò pàtàkì. Onílé àlejò ní láti ní ẹní ju aládùúgbò rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹní ni bẹ́ẹ̀dì, àga àti tábìlì rẹ̀. Lẹ́yìn ẹní, àpótí ìjókòó díẹ̀, àtùpà amọ̀ tí ń mu epo pẹ̀lú òwú, ìbọn ṣakabùlà tó fi kọ́ ara ògiri, àti ojúbọ òrìṣà ìdílé. Ẹni tó rọ́wọ́ họrí lè ní ilé orí tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ẹni tó ni ín bá kú, wọn a tú u, owó ara rẹ̀ a sì di pínpín. Ohun kan ṣoṣo yìí ni kò ṣeé jogún lódidi, nítorí pé orí ẹnì kan kì í ṣe orí ẹlòmíràn.

Ìdí ààrò

Ìdí ààrò ni ẹrù ti pọ̀. Àmù omi wà níbẹ̀, ìṣà àti orù, ìkòkò ọkà, ìsaàsùn ọbẹ̀, agbada tí wọ́n fi ń dín nǹkan, ajere tí wọ́n fi ń yan ẹja. Igbá wà lóríṣiríṣi: igbá ọkà, ahá tí wọ́n fi ń bu omi àti ẹmu, akèrègbè fún ògùrọ̀. Odó àti ọmọ odó, ọlọ àti ọmọ ọlọ, ìgbakọ, orógùn, asẹ́, agbọ̀n àti àtẹ. Lórí àjà tó wà lókè iná, àgbàdo irúgbìn ń gba èéfín kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n fi ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ kún un. Bí gàrí ti ń gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún náà, tí àwọn tó padà láti Brazil àti Sàró sì dá sí i, àpò tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ dànù àti agbada ìyangàrí wọ ilé pẹ̀lú.

Ta ló ni gbogbo èyí? Baálé kọ́. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ni ìkòkò àti igbá tirẹ̀, àwọn kan lára wọn sì jẹ́ ẹrù tó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀. Owó oúnjẹ tó tà fún àlejò, tirẹ̀ ni. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún rẹ̀. Ọkọ kò ní ìpín níbẹ̀. Ní Scotland, ọkọ ló ni ẹrù ìyàwó nínú òfin títí di 1881, nítorí náà ìkòkò tí obìnrin fi ń sebẹ̀ lè wà nínú ìwé tí wọ́n fi ka ẹrù ọkọ. Bí akọ̀wé kan bá ti Edinburgh wá sí Ìgbògbò pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ìdajì ohun tó bá kà ní ìdí ààrò ni yóò ní láti fagi lé.

Oko àti omi

Irinṣẹ́ oko kò pọ̀, ṣùgbọ́n irin ni, irin sì wọ́n. Ọkọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àdá, àáké, ọ̀bẹ, igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹnu ọkọ́ tó bá ti jẹ tán a máa padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, a sì di nǹkan mìíràn. Èèkù igi ni àgbẹ̀ ń pààrọ̀. Irin kì í ṣòfò.

Ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò ogún ẹnì kan, nítorí pé ti ẹbí ni. Ìwé ogún Scotland tí à ń wí náà kì í ka ilẹ̀. Ní etí ọ̀sà tiwa, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń kà: iṣu tó wà lóko àti èyí tó wà ní àká, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, kókò àti obì. Ẹran ọ̀sìn kò ju adìẹ, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Màlúù, tó jẹ́ òpó ọrọ̀ onílé ọtí ará Scotland, kò lè gbèrú nínú igbó wa nítorí eṣinṣin tó ń fi àìsàn sí i lára.

Létí omi, ẹrù yàtọ̀. Ọkọ̀ onígi kan níye lórí ju gbogbo irinṣẹ́ oko lọ. Àjẹ̀ àti ọ̀pá ìtukọ̀ ń tẹ̀ lé e, àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè náà sì wà ńbẹ̀. Ọkọ̀ ló ń gbé epo àlejò dé Èkó, ẹni tó bá sì ni ọkọ̀ ń gba owó lẹ́ẹ̀mejì: lórí ọjà àti lórí omi.

Aṣọ, owó àti ènìyàn

Aṣọ ni ọrọ̀ tó ṣeé ká sínú àpótí. Obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun aṣọ lórí òfì òró nínú ilé, kíjìpá sì wà fún iṣẹ́ àti fún ọ̀ṣọ́. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú láti lọ tà á ní etí òkun ibòmíràn. Aṣọ gbogbo ọjọ́ ń gbó, ṣùgbọ́n èyí tó dára a máa wà ní ìpamọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò olóògbé a sì máa fojú sí i.

Owó ẹyọ ni owó. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹrù orí alábàárù kan. Ẹni tó bá rì í mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò rò pé ó fi ọrọ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ tó tóbi jù láti ìlà-oòrùn Áfíríkà wá, ó pọ̀ lọ́jà, iye rẹ̀ sì já. Ìkòkò owó dín kù láìsí olè. Ọkọ́ àti ọkọ̀ kò dín.

A kò sì gbọ́dọ̀ fo ènìyàn. Ẹrú wà nínú ohun tí wọ́n ń pín ní ayé yẹn, etí ọ̀sà yìí sì ta ẹrú púpọ̀. Osifekunde fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé lórí owó tí ẹbí rẹ̀ yá. Onílé àlejò tó bá yá àlejò lówó lè gba ìwọ̀fà, àwọn ọwọ́ yẹn ló sì ń kọ ebè rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìkòkò tí kò ka àwọn wọ̀nyí ti fo èyí tó tóbi jù nínú ọrọ̀ ilé náà.

Bí wọ́n ṣe ń pín in

Ní Scotland, bí olóògbé bá ní ìyàwó àti ọmọ, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹrù ń pín sí: apá kan fún opó, apá kan fún àwọn ọmọ, apá kẹta fún ohun tí olóògbé bá pa láṣẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ, ṣùgbọ́n ẹrù tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń pín ti bàbá, ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí. Nínú ìdí-igi, àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín kan lápapọ̀, bí wọ́n ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Nínú orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ayé àtijọ́. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dá lórí ogún ọkùnrin kan tó kú ní Èkó ní 1940, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ìbéèrè ni bóyá ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí tàbí mẹ́sàn-án. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London ní 1962. Ìdájọ́ ni pé ìdí-igi ni àṣà, àti pé bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá to ẹrù onílé àlejò jọ, ohun tí baálé lè pè ní tirẹ̀ nìkan kéré: irin díẹ̀, aṣọ, ìbọn, irè oko, bóyá ọkọ̀ kan, àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́. Ìdí ààrò jẹ́ ti àwọn ìyàwó, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ẹrù tó wà nínú yàrá sì lè jẹ́ ti àlejò tí kò tíì tajà rẹ̀ tán. Ìtàn tó bá ń wọn ọrọ̀ ilé kan pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin nìkan yóò pè é ní òtòṣì, yóò sì ṣìnà.

Ní Ìgbògbò, Bàyékù, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn àgbàlagbà ṣì wà tí wọ́n mọ orúkọ àwọn ohun èlò wọ̀nyí, tí wọ́n sì mọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé bàbá wọn. Kí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú mú ìwé, kí wọ́n lọ bá wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ohun èlò náà sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe, kí wọ́n má sì gbàgbé láti kọ orúkọ ẹni tó ni ín.