Ẹrẹ̀ Inú Ẹ́ńjìnnì: Ìtàn Lọ́rì àti Ọ́ìlì Tí A Kò Pààrọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn lọ́rì kan, ẹ má bi olówó ọkọ̀, ẹ má sì bi dẹ́rẹ́bà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí tó wà lókè ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ náà bá rí ìtọ́jú, irin abẹ́ rẹ̀ á máa dán, ọ́ìlì á sì máa ṣàn lára rẹ̀. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ẹrẹ̀ dúdú lẹ máa bá níbẹ̀, tó dì bí àmàlà àná, tó ti bo gbogbo irin mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan sọ pé "ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó pààrọ̀ ọ́ìlì" ló wà ní àkọsílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé àwa la ò mọ nǹkan tọ́jú, pé òyìnbó ṣe ọkọ̀ tó dáa, àwa la bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ o. Ẹrẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì ní ìtàn tirẹ̀, ó sì ti wà kí lọ́rì tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rélùwéè kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 1906. Ní Èkó, W. A. Dáwódù ń kó mọ́tò wọlé láti òkè òkun, ó sì ń tún un ṣe. Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá dá ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Àǹfààní sílẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí 1913. Ní Ìbàdàn, Sálámì Àgbájé wà lára àwọn oníṣòwò tó kọ́kọ́ fi lọ́rì kó ẹrù. Ẹ rí i pé kò pẹ́ rárá tí mọ́tò dé tí àwa náà fi ń ni ín, tá a sì ń tún un ṣe. Ọwọ́ tó ti mọ irin tẹ́lẹ̀, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ àti ti atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ló kọ́kọ́ mú sípánà.

Nígbà yẹn, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, èéfín díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnnì wọ inú ọ́ìlì. Èéfín yẹn gbé èédú, omi àti epo tí kò jó tán dání. Ooru náà ń se ọ́ìlì lójoojúmọ́. Bí gbogbo ẹ̀ bá pàdé, wọ́n á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ́ìlì ayé ìgbà yẹn ò ní ohunkóhun nínú tó lè gbá ìdọ̀tí yìí mú, nítorí náà ó kàn ń silẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àárín ọdún 1930 sí 1939 ni ojú là sí i. Caterpillar gbé katakata oní-dísẹ́ẹ̀lì jáde ní 1931, àmọ́ ríǹgì ẹ́ńjìnnì wọn ń lẹ̀ mọ́ písítìnnì. Ní 1935, Standard Oil of California ṣe ọ́ìlì kan tí wọ́n pè ní Delo fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ wá di ara ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: ó ń gbá ìdọ̀tí mú kó má baà silẹ̀, títí ẹ máa fi tú ọ́ìlì náà dànù.

Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù kan ti bẹ̀rẹ̀, tó ṣì wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì títí dòní. Àwọn kan da ọ́ìlì ọlọ́ṣẹ yìí sínú ẹ́ńjìnnì tí ẹrẹ̀ ti kún. Ọ́ìlì náà tú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ lọ dí ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì. Ni wọ́n bá ní ọ́ìlì tó dáa ń pa ẹ́ńjìnnì àgbà. Irọ́ ni o. Ẹrẹ̀ ló pa á; ọ́ìlì tuntun kàn bá wọn tú àṣírí ni.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Bedford gba títì. Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, ibí la sì ti ń fi pákó kan ara sí i, kó tó di bọ́lẹ̀kájà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 911 ti Mercedes dé, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì OM 352 tó ní sílíńdà 6. Ẹ́ńjìnnì yìí lágbára débi pé èèyàn lè fìyà jẹ ẹ́ fọ́dún mélòó kan, kó má sọ nǹkan kan. Ọ̀ràn náà wá bọ́ sọ́wọ́ èèyàn. Olówó ọkọ̀ ń retí owó délífárì. Dẹ́rẹ́bà ń wá délífárì àti owó oúnjẹ tirẹ̀. Owó ọ́ìlì dà? Dẹ́rẹ́bà ní ọkọ̀ kì í ṣe tòun, olówó ọkọ̀ ní òun kọ́ lòun ń wà á. Ọmọ gbogbo ayé ni ọkọ̀ náà, kò sì ní bàbá. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, wọ́n á bù kún un. Bíbù kún ọ́ìlì yàtọ̀ sí pípààrọ̀ ọ́ìlì; tútù lo bù lé ìbàjẹ́.

Ní 1986, ìjọba Babangida mú ètò SAP wá. Ní 1985, náírà kan ṣì tó dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di 1989, ó ti ju náírà 7 lọ kéèyàn tó rí dọ́là kan. Leyland ń to ọkọ̀ ní Ìbàdàn, ANAMMCO ń to Mercedes ní Enugu, ṣùgbọ́n agbára àtira ọkọ̀ tuntun kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ni tòkunbọ̀ bá gbòde. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la fún ọkọ̀ àlòkù, orúkọ náà sì bá a mu gan-an: ọmọ náà ti ní ìgbésí ayé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ò sì mọ ohun tó jẹ lọ́hùn-ún. Ẹlòmíì ti gbé ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dání wá láti èbúté. Olówó tuntun tó ti ná gbogbo owó rẹ̀ lórí ọkọ̀ náà ò wá rówó ra ojúlówó ọ́ìlì mọ́.

Báwo ni ọ̀gá mẹkáníìkì ṣe ń mọ̀? Ó máa fa géèjì ọ́ìlì yọ, á fi ìka méjì pa á wò. Pé ó dúdú nìkan kì í ṣe àrùn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ dúdú. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Bó bá ṣàn bí omi, tó ń rùn dísẹ́ẹ̀lì, epo ń jò sínú rẹ̀. Bó bá dì lábẹ́ ìdérí, ẹrẹ̀ nìyẹn. Á tún ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde púù, púù, ríǹgì ti jẹ. Á wá fi etí sí ìdí sikirudiráfà tó gùn, tí ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, kó lè gbọ́ bóyá bẹ́ríǹ ti ń ké.

Àtúnṣe ẹ̀ ò fẹ́ ìkánjú. Àwọn kan máa ń da dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì tan án pé kó fọ ara rẹ̀. Ewu ńlá ni. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nínú sọ́ǹpù, asẹ́ kan wà tí pọ́ǹpù ń gbà fa ọ́ìlì. Bí ẹrẹ̀ bá tú lẹ́ẹ̀kan náà, asẹ́ yẹn ló máa dí, kò sì ní í sí ọ́ìlì fún kráńkì mọ́. Ẹ tú sọ́ǹpù sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ jáde. Ẹ yọ asẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ níta. Ẹ ṣí òkè, ẹ ha á díẹ̀díẹ̀, kí èyí tẹ́ ẹ ha má bọ́ sínú. Ẹ yẹ bẹ́ríǹ wò. Fíltà tuntun, ọ́ìlì tuntun. Kí ọkọ̀ rìn fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ tú ọ́ìlì náà dànù kí àkókò rẹ̀ tó pé, kẹ́ ẹ tún da òmíì sí i. Ẹrẹ̀ ọdún mẹ́wàá ò lè jáde lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà lẹ óò wá béèrè ohun tó fà á. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí lè ti dí. Ó sì lè jẹ́ tàmósítáàtì. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ ọ́ dànù, torí ilẹ̀ wa móoru, wọn ò sì fẹ́ kí ọkọ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó, omi inú ọ́ìlì rẹ̀ kì í rí ọ̀nà fẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n yọ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú wá di ohun tó ń sọ ọ́ di ẹlẹ́rẹ̀.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé "a ò mọ nǹkan tọ́jú" kì í ṣe ìdáhùn. Láyé Dáwódù, ọ́ìlì ni kò dáa tó. Láyé bọ́lẹ̀kájà, a ò mọ ẹni tí ìtọ́jú já lé léjìká. Lẹ́yìn 1986, owó ni kò sí. Ìdí yàtọ̀ síra, ẹrẹ̀ kan náà ló ń bí. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ èwo ló ń bá jà, torí ẹni tí kò rówó ra ọ́ìlì, ìwàásù ò lè bá a pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò ní lọ́rì, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé yín ní ọ́ìlì nínú. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ ti ń wo ọ́ìlì rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka méjì pa á wò. Ta ló yẹ kó pààrọ̀ ẹ̀ nílé yín?