Bí ìlà bá kọ̀ tí kò ká: Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú lójú kọ̀ǹpútà, àti àtúnṣe rẹ̀

Ẹni tó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà rí láti tẹ ìtàn ìdílé, ìwàásù tàbí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò mọ wàhálà yìí. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ kò wá sísàlẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń nà lọ sápá ọ̀tún títí tí ojú kọ̀ǹpútà kò fi gbà á mọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìlà tó gún régé lánàá á ti dàrú lónìí: ọ̀kan gùn, èkejì kúrú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì Enter ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè ba iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ jẹ́.

Kíká yàtọ̀ sí gígé

Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ọ̀ṣọ́, bíi Notepad, Notepad++, Vim àti VS Code, ọ̀nà méjì ni ìlà ń gbà parí. Ti àkọ́kọ́ ni kíká, èyí tí àwọn ètò náà ń pè ní “Word Wrap”. Bí ọ̀rọ̀ bá dé etí fèrèsé, ètò náà á ká a wá sí ìlà tó kàn, láìfi àmì kankan kún ohun tó wà nínú fáìlì. Ti èkejì ni gígé. Iṣẹ́ bọ́tìnnì Enter nìyẹn: àmì gidi ló ń fi sínú fáìlì, ibikíbi tí wọ́n bá sì gbé fáìlì náà lọ, àmì náà á bá a lọ.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ aṣọ. Apá agbádá tí wọ́n ká lé èjìká, bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, á padà sí bó ṣe wà. Èyí tí wọ́n bá fi àlùmọ́gàjí gé, àfi kí aránṣọ tún un rán.

Ọ̀nà láti dá méjèèjì mọ̀ kò le. Kí òǹkọ̀wé fẹ fèrèsé náà lójú, kí ó sì tún sọ ọ́ di tóóró. Bí ìlà bá ń yí padà bí fèrèsé ṣe ń yí padà, kíká ni. Bí òpin ìlà bá dúró gbọnin sójú kan, gígé ni. Nínú Notepad++, bí wọ́n bá lọ sí “View”, tí wọ́n yan “Show Symbol” àti “Show End of Line”, àmì á yọ síbi gbogbo tí wọ́n ti gé ìlà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń nà lọ láìdúró

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n ti pa Word Wrap. Nínú Notepad ti Windows 10 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, abẹ́ “Format” ló wà. Ní Windows 11, abẹ́ “View” ni. Abẹ́ “View” náà ló wà nínú Notepad++. Ní ti VS Code, bọ́tìnnì Alt àti Z ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀.

Bó bá ti wà ní títàn, tí ìlà kan ṣoṣo sì ń ṣe agídí, kí wọ́n wo àlàfo inú rẹ̀, nítorí ibi àlàfo ni ètò sábà máa ń ká ìlà sí. Àlàfo kan sì wà tó jọ ti gbogbogbòò, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí wọ́n má baà yà. Ó sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Kí wọ́n ṣe àdàkọ ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n gbé e sínú “Replace”, kí wọ́n sì fi àlàfo gidi rọ́pò gbogbo wọn.

Bí gbogbo fáìlì bá wá lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ìlà kan ṣoṣo ńkọ́? Àmì méjì ni Windows fi ń gé ìlà, CR àti LF. LF nìkan ni Linux ń lò. Notepad kò dá LF nìkan mọ̀ títí di ìgbà tí àtúnṣe Windows 10 ti oṣù kẹwàá ọdún 2018 jáde. Lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi Notepad++ ṣí fáìlì náà, kí wọ́n lọ sí “Edit”, lẹ́yìn náà “EOL Conversion”, kí wọ́n yan ti Windows.

Bí ìlà bá gé sí wẹ́wẹ́

Èyí sábà máa ń ti inú ìwé PDF àti létà orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ìlànà létà bẹ́ẹ̀ tó jáde lọ́dún 2001 ní kí ìlà kan má ṣe kọjá àmì 78, ìdí nìyẹn tí àwọn ètò kan fi ń gé e. Vim náà máa ń gé ìlà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti fi ìwọ̀n sí i; “:set textwidth=0” ló ń dá a dúró.

Láti so ohun tó ti gé, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pa mọ́. Bí ìlà òfìfo bá wà láàárín ìpínrọ̀ kan àti èkejì, kí wọ́n ṣí “Replace” nínú Notepad++, kí wọ́n yan “Extended”, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ mẹ́ta yìí:

1. Kí wọ́n fi @@@ rọ́pò \r\n\r\n, kí ààlà ìpínrọ̀ má baà sọnù.
2. Kí wọ́n fi àlàfo kan rọ́pò \r\n.
3. Kí wọ́n fi \r\n\r\n rọ́pò @@@.

Bó bá jẹ́ fáìlì Linux, \n ni kí wọ́n lò dípò \r\n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlà tó gé ló yẹ kí wọ́n so. Akéwì ló mọ ìdí tó fi gé ìlà ewì rẹ̀ síbi tó gé e sí. Nínú fáìlì orúkọ, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹnì kan, Enter kan ṣoṣo tó ṣi ojú ọ̀nà lè sọ ẹnì kan di méjì. Síso ìlà pọ̀ sì lè sọ ẹni méjì di ọ̀kan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan Enter, kí ó kọ́kọ́ fẹ fèrèsé lójú wò. Ohun tó ká, títẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ. Èyí tó gé nìkan ni wọ́n ń rán.